Bàbá Ẹ̀rọ àti Ijó Orí Àtẹ̀gùn Tí Wọ́n Gé Kúrò

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fi ewú orí mi búra. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, ọmọ ìyá mi ni. Ọmú kan náà la jọ mu, àfi pé ó ti débẹ̀ ní ọdún mẹ́fà ṣáájú mi, ó sì ti mu ibi tó dùn jù. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó pa ìwé dé kí ó lọ bá àwọn tó ń purọ́. Wọn kò wọ́n nígboro.

Inú ń bí mi, n ò ní fi bò. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó jẹ́ tèmi kí n tó fà á lé ọmọ mi lọ́wọ́, ni mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sọ pé nílé sinimá àtijọ́ tó wà ní òdìkejì títì, bàbá kan wà tó ń darí ẹ̀rọ, tó sùn fọnfọn tí fíìmù fi jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gé irun rẹ̀ lọ́wọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ kan ti tán, ẹ̀gbẹ́ kan kù. Mo ní kí ọmọ mi dúró ná. Mo ní ọmọkùnrin yìí ò ní dìde lórí àga yẹn títí yóò fi gbọ́ bó ṣe rí gan-an. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí ti sáré fún ogójì. Orúnkún ló ń dun òtítọ́, kì í ṣe pé kò gbéra.

Bàbá Ẹ̀rọ ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe ní kékeré rẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ilé sinimá pé kó wá wo ẹ̀wọ̀n kan tó já lára ẹ̀rọ. Ó gòkè lọ, kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́ fún ọdún méjìlélógún. Yàrá ẹ̀rọ wà lókè pátápátá, àtẹ̀gùn irin ni wọ́n fi ń gùn ún, ó sì há débi pé bí ènìyàn méjì bá jọ wà níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ sé èémí kí èkejì tó rí èémí mí. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ga tó ọkùnrin, wọ́n ń gbóná bí ààrò. Bí róòlù fíìmù kan bá ń yí lọ lórí ọ̀kan, yóò ti de òmíràn sílẹ̀ lórí èkejì, kí àwòrán má baà já lójú àwọn èrò. Fèrèsé kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló fi ń wo aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀. Garawa iyanrìn méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, torí fíìmù ayé ìgbà náà, bí iná bá kàn án, kí o tó pe ẹnì kan ó ti di eérú.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé àga jáde kúrò nínú yàrá náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá jókòó á fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì á tòògbé, ẹni tó bá sì tòògbé á sun ilé onílé. Ìdúró ló fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ó mọ́ ọn lára débi pé nílé, ìdúró ló ń jẹun, ìyá wa a sì máa bi í bóyá ilẹ̀ ń ta á ní ìdí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa fíìmù náà. Lọ́dọọdún ló máa ń wá, nínú àwọn agolo pẹrẹsẹ tí ọkọ̀ ń gbé káàkiri láti ìlú dé ìlú, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì máa ń lò lọ́dọ̀ wa. Funfun àti dúdú ni. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta òdòdó, ọkùnrin kan sì wà tó ń kun ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọkùnrin náà kun ilẹ̀kùn obìnrin yìí ní àwọ̀ tí kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n jà, wọ́n bú ara wọn. Obìnrin náà já búrọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọ̀dà kùn ún lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá ara wọn pàdé lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan ń lọ sókè, ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn náà sì jẹ́ èyí tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Kò gbẹ. Ibi méje mẹ́jọ péré ló gbẹ lára rẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ kọjá. Wọ́n ń fo láti ibi gbígbẹ dé ibi gbígbẹ, wọ́n ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú, wọn ò sọ̀rọ̀, orin bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí o tó mọ̀, fífò ti di ijó. Nígbà tí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀, obìnrin náà ti gbé orí lé ọkùnrin náà láyà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, tí gbogbo wa sì lọ sílé, tí ọkọ àti aya tó jà ní àárọ̀ á di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ́nà.

Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́gbọ́n kan wà tí wọ́n ń sọ pé fíìmù báyìí kò ní láárí, pé ta ló ń dédé kọrin lórí àtẹ̀gùn. N kì í dá wọn lóhùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì gbé e lẹ́sẹ̀ fò rí, kí ni mo fẹ́ bá a sọ? A ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ orin náà, ṣùgbọ́n àwọn èrò ti fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i, gbogbo ilé a sì máa gbè é:

Fẹsẹ̀ síbí, fẹsẹ̀ sọ́hùn-ún, ẹ̀rọ̀ pẹ̀sẹ̀;
ọ̀dà kò tíì gbẹ, ìfẹ́ ti gbẹ mọ́ wa lẹ́sẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, obìnrin kan a máa wá tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Aránṣọ la ń pè é. Ìjókòó tó wà ní ìparí ìlà kẹrin ni tirẹ̀, ẹlòmíràn kì í jókòó síbẹ̀. Láti ojú fèrèsé kékeré yẹn, àárín orí rẹ̀ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ń rí, ó sì ti fi ọdún mẹ́ta wo àárín orí náà láìsọ nǹkan kan ju "ẹ káàsán" lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì mọ bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé, mo gbé e lọ fún un, mo ṣílẹ̀kùn láìkàn án. Sìnglẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ó di àkísà tí ó fi ń nu epo mú bí ẹni tó di obìnrin mú, ó ń jó ijó orí àtẹ̀gùn láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré. Ó rí mi, kò dúró. Ó jó o tán. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Bó o bá sọ èyí síta, abẹ́ rẹ náà ni n ó fi fá ọ lórí."

N ò sọ ọ́ síta. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé máníjà tuntun wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni ilé náà ni. Kò tó ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi ìbá bí, ṣùgbọ́n "ìwọ" ló ń pè é, "ìwọ, gbọ́", bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Aago méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Ó ti ka ìṣẹ́jú fíìmù náà, ó sì rí i pé bí orin mẹ́ta bá kúrò nínú rẹ̀, wọn yóò rí àyè ṣe eré kan sí i lóòjọ́. Ó gòkè lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, ó ní bí wọ́n bá ń kọrin, ìtàn kì í sún síwájú. Kí ó gé orin kúrò, kí ó ṣẹ́ ìtàn kù.

Ibi tí n ò lè gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi rèé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò ní kí a má sọ òótọ́. Ó gé e. Bí wọ́n ti tọ́ wa ni pé ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, bó bá ní o gbé òkúta mì, kó o wá omi. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ká wọn jọ, ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú agolo kan. Ó ní ti orí àtẹ̀gùn ni òun gé kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Sátidé wọ́n gbé fíìmù tí wọ́n ti rẹ́ náà jáde. Mo wà níbẹ̀, ìlà kẹfà. Obìnrin òdòdó fi ọ̀dà kun ọkùnrin náà lójú, ó yíjú, ó ń lọ. Kí a tó ṣẹ́jú, aṣọ ìgbéyàwó ti wà lọ́rùn rẹ̀, ọkùnrin tó fi ọ̀dà kùn lójú ló sì dúró tì í tó ń rẹ́rìn-ín. Alápatà, tó fẹ̀ débi pé ìjókòó méjì ló máa ń gbà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bèèrè bóyá ẹ̀gbọ́n ọmọge náà ni wọ́n fi rọ́pò. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kò sí ìwé kankan láyé tí wọ́n ti lè gba irú èyí wọlé. Ariwo sọ. Aránṣọ dìde, ó kọjú sí fèrèsé kékeré tó wà lókè lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè yẹn," ó ní, "níbo lẹ gbé àtẹ̀gùn wa lọ?"

Máníjà bọ́ síwájú. Ó tẹrí ba. Ó ní kí a má bínú, pé ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ló sùn lọ ní Ọjọ́bọ̀, tí iná fi jó ibì kan nínú fíìmù, pé òun sì ti bá a wí.

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn. Ẹni tí kò ní àga. Ẹni tó fi ọdún méjìlélógún dúró kí oorun má baà rí ibi gbé e. Bó bá sọ pé ó jalè, ìbá sàn, torí olè lè jẹ́ akíkanjú. Lójú àwọn tó ń darí ẹ̀rọ, kò sí èébú tó ju pé fíìmù jóná lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé yẹn, bí àwọn èrò ti ń pòṣé, bí wọ́n ti ń yíjú wo òkè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ dà. Bàbá Ẹ̀rọ di Bàbá Oorun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti òun jọ ń lọ lọ́nà, a pàdé Aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà, ó ní ẹ káàárọ̀ o. Aránṣọ wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ kú oorun, sà," ó sì kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Mo rí i lọ́jọ́ tí a sin òkú ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ kò rí báyẹn.

Mo ní kí ó lọ tú àṣírí Máníjà. Ó ní ta ló gé e, ṣé kì í ṣe òun ni. Mo ní ẹni tó ní kí a gé e dà. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, iṣẹ́ òun parí lọ́jọ́ náà, kí ni òun mọ̀ mọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ, àti pé kẹ̀kẹ́ ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ó fẹ́ gbé e mì. Ká ní ibẹ̀ ni Máníjà fi mọ, ìbá gbé e mì lóòótọ́, n bá sì máa kọ ìtàn mìíràn báyìí.

Ṣùgbọ́n káàdì kan wà. Nínú agolo fíìmù kọ̀ọ̀kan, káàdì kan máa ń wà níbẹ̀, tí ẹni tó bá darí rẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù náà sí, yóò sì fọwọ́ sí i. Ìlú tó kàn yóò kà á. Ní ọjọ́ Jimọ̀, Máníjà gbé káàdì náà wá, ó ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀: ó jóná, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ló sùn. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i kí ó tó di ọjọ́ Ajé tí ọkọ̀ ń bọ̀. Bó bá fọwọ́ sí i, irọ́ náà yóò wọ ọkọ̀, yóò sì máa lọ láti ilé sinimá dé ilé sinimá pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, ibikíbi tí ẹ̀rọ bá wà láyé kò sì ní sí ẹni tí yóò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan án mọ́. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kí ó kó ẹrù rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀lé e, eré ìkẹyìn, ilé kún. Àwọn kan wá nítorí àtiwá pòṣé ni. Nígbà tí obìnrin òdòdó fi ọ̀dà kun ọkùnrin náà lójú tán, àwòrán dúró. Iná tàn. A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn irin, gbàgà, gbàgà, ẹ̀gbọ́n mi sì wọlé sáàárín wa, kóòtù lórí sìnglẹ́ẹ̀tì, fíìmù tó gé náà kọ́ ọ lọ́rùn bí okùn ìwọnṣọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ojú rẹ̀ rí láti iwájú. Ẹnìkan ní áà, Bàbá Oorun ti jí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

"Èmi ni mo gé e," ó ní. "Máníjà ló ní kí n gé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi gé e. Ẹ bínú sí mi fún ìyẹn, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ n ò sùn. Fíìmù kankan ò jóná lọ́wọ́ mi rí."

Máníjà ti sáré dé. Ó ní irọ́ ni, pé ìwọ ọkùnrin yìí, o ti ya wèrè. Ẹ̀gbọ́n mi kò wò ó. Ó rìn lọ sí ìparí ìlà kẹrin, ó bọ́ fíìmù náà lọ́rùn, ó sì na etí ibi tó ti gé e sí Aránṣọ. Aránṣọ gbà á. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀ lọ, ó tọ́ ọ bọ̀, bí ó ti máa ń tọ́ aṣọ kó tó rà á, ó sì gbé e sókè síná.

"Sísọ́ọ̀sì ló gé èyí," ó ní. "Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń gé nǹkan. Iná ò gé nǹkan gún báyìí." Ó yíjú sí Máníjà. "Ẹ wí tiyín, ọmọ mi. Ṣé lójú oorun lẹ ti rí iná ọ̀hún?"

Ẹ̀rín tó sọ nínú ilé yẹn, mo búra, eruku jábọ́ láti àjà. Máníjà ní iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún òun ní ogún ìṣẹ́jú, òun á lẹ ijó orí àtẹ̀gùn padà. Máníjà fẹ́ lọ pa iná gbogbo ilé náà. Alápatà ti gbé ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń pa iná, ó sì jókòó. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jókòó ni.

Lílẹ fíìmù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìkánjú ṣe. Ènìyàn á fi abẹ́ họ etí méjèèjì, á fi gọ́ọ̀mù tó ń rùn bí ọtí sí i, á tẹ̀ ẹ́, á kà á. Ogún ìṣẹ́jú péré sì ni ẹ̀gbọ́n mi ní. Nígbà tí iná kú tí àwòrán sì tún bẹ̀rẹ̀, a rí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n orí ló dé sísàlẹ̀. Ó ti fi ìdí fíìmù sí ibi orí. Obìnrin òdòdó àti ọkùnrin ọ̀dà ń jó lójú ọ̀run bí àdán, wọ́n ń fi ẹ̀yìn gun òkè, ọ̀dà ń fò kúrò lára bàtà wọn padà sórí àtẹ̀gùn. Orin náà ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ tó há sínú ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi sáré pa ohùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan là ń wò tó ń lọ sẹ́yìn. Aránṣọ ló dá a: "Fẹsẹ̀ síbí." Gbogbo wa gbè é. A kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, odindi ilé, fún àwọn méjì tó fẹsẹ̀ kọ́ òrùlé tí wọ́n ń jó kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó yí. Alápatà sunkún lórí ìjókòó rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nù ún.

Ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀ ẹ́ padà bó ti yẹ ní ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú orin méjì yòókù, torí kò lè jẹ́ kí ó jáde lọ́wọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ó ya káàdì Máníjà, ó kọ tirẹ̀: *Èmi ni mo gé e, nípa àṣẹ. Mo ti lẹ̀ ẹ́ padà. Kò jóná.* Ó fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ajé wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún, wọn ò wí pé o ṣeun. Máníjà dúró síbẹ̀ títí ilé náà fi di ibi tí wọ́n ń tọ́jú sìmẹ́ǹtì sí, ó sì ń sọ irọ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá ti wọlé, àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ń gbà á, òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin orí àga yẹn ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín níwájú mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́tà kan dé. Ilé sinimá kan ní ìlú kẹta ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti ka káàdì kan nínú agolo kan, àwọn sì ń wá ẹni tó lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi di ẹrù. Aránṣọ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bóyá àyè wà fún ẹ̀rọ ìránṣọ kan níbi tó ń lọ. Ó ní àyè wà, ṣùgbọ́n kò sí àga. Aránṣọ ní òun á gbé tòun dání. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n jọ lò, bí Aránṣọ ṣe di ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, kò sì sí fíìmù kan tó jóná níbẹ̀ pẹ̀lú.

Gbogbo rẹ̀ rí bí mo ṣe sọ ọ́. Ohun kékeré kan péré ni mo fi sí i. Alápatà kò sunkún. Èmi ni.